Gijubhai Badheka: agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní ìyá onírunmú ní Gujarat

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa Gijubhai Badheka lè rò pé ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń sọ. Ìwé kan á ní lọ́yà ni. Òmíràn á ní ó wà lára àwọn aṣáájú tó tan ẹ̀kọ́ Montessori kálẹ̀ ní Íńdíà. Ẹni tí wọ́n bá sì tọ́ dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè Gujarati lè má mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èkúté onírù méje ló máa kọ́kọ́ wá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, tàbí kannakánná tí ọba fìyà jẹ títí tí kò yé kọrin. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó nìyí. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri ayé, títí dé ìgboro Èkó àti Ìbàdàn, kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa pa ìtàn iwin àti ìtàn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Gijubhai ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọmọ ẹ̀yìn Montessori, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń pa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì tẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu. Báwo ni ẹnì kan ṣe lè jẹ́ méjèèjì? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1885 ni wọ́n bí i ní Chittal, ìlú kékeré kan ní Saurashtra, ìyẹn apá Gujarat tó yọ sínú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Girijashankar Bhagwanji Badheka lorúkọ rẹ̀ gan-an. Nígbà yẹn, àwọn ọba kéékèèké ló pín Saurashtra láàárín ara wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà lórí gbogbo wọn. Ní 1907, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá iṣẹ́ ajé ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, bí ọ̀pọ̀ ará Gujarat ti ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Àtọmọdọ́mọ irú wọn ló kún inú àwọn oníṣòwò ará Íńdíà tó wà ní Kenya, Uganda àti Tanzania títí dòní. Kò pẹ́ lọ títí níbẹ̀. Ó padà sílé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Bombay, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agbẹjọ́rò.

Ọmọ ló yí i padà. Ní 1913, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan, Narendra. Bàbá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo irú ilé ìwé tí wọ́n máa mú ọmọ yìí lọ, ohun tó rí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Àkọ́sórí ni ìwé kíkọ́, pàṣán kì í sì í kúrò lọ́wọ́ tíṣà. Àwọn ará Gujarat tiẹ̀ máa ń pa á lówe pé bí ọ̀pá bá ti ń ró lára ọmọ ni ìmọ̀ ń rọ́ wọlé sí i lórí. Kì í ṣe tíṣà nìkan ló gba òwe yẹn gbọ́. Òbí náà gbà á, wọ́n á ní kí tíṣà má ṣe fojú ire wo ọmọ àwọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Motibhai Amin, tó fi ayé rẹ̀ dá ilé ìkàwé sílẹ̀ ní ìlú àti abúlé ilẹ̀ Baroda, ló fún Gijubhai ní ìwé nípa Montessori pé kó lọ kà. Ibẹ̀ ni lọ́yà yìí ti mọ̀ pé obìnrin kan ti ṣí ilé ọmọdé sí àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan ní Róòmù láti 1907, pé ọmọ máa ń yan iṣẹ́ tó wù ú níbẹ̀, pé wọn kì í nà wọ́n, àti pé àwọn ọmọ náà ń mọ̀wé kà láìsí ẹni tó ń jágbe mọ́ wọn.

Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1916, ó pa iṣẹ́ agbẹjọ́rò tì, ó sì lọ dara pọ̀ mọ́ Dakshinamurti, ilé ẹ̀kọ́ tí Nanabhai Bhatt dá sílẹ̀ ní Bhavnagar. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ló kọ́kọ́ bójú tó níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọwọ́ ti pẹ́ jù. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ òun, ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára, ìdánwò nìkan ló sì mọ̀ pé ó gbé òun wá sílé ìwé. Bó ṣe gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn kékeré ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1920, ó ṣí Balmandir fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ, láti nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀. Ní 1922, wọ́n kó lọ sí ilé tuntun lórí òkè Takhteshwar ní ìlú kan náà. Kasturba, ìyàwó Gandhi, ló ṣí ilé náà.

Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí dòní, ìyá onírunmú. Ẹ wo àwòrán rẹ̀, ẹ máa rí irunmú ńlá tó bo ètè òkè. Irunmú yẹn ti tó dẹ́rù ba ọmọ kékeré. Àmọ́ ọkùnrin yìí ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, ó ń bá wọn kọrin, ó ń bójú tó èékánná àti irun wọn, ó sì ń ṣe eré orí ìtàgé pẹ̀lú wọn. Ní Íńdíà ìgbà yẹn, àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí tiwọn. Nígbà tí agbẹjọ́rò fi kóòtù sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò lè gbà pé orí ọkùnrin náà pé. Èmi gbà pé ìgboyà tó wà nínú ìyẹn ju ti ẹni tó ń bá adájọ́ jiyàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kókó wa. Ohun tí Montessori ń sọ nípa ìtàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ gbé e jù sílẹ̀. Ó ní ọmọ kékeré kò tíì lè ya ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹnu kàn ń sọ. Ohun tó bá fọwọ́ kàn, tó fojú rí, tó gbé, tó sì tò ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń gbòòrò. Tí àgbà bá wá ń sọ fún un pé iwin wà lẹ́yìn igi, ọmọ náà gba ohun tí àgbà sọ ni, kò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ronú kan ohunkóhun. Nítorí náà ló fi ní kí ayé gidi ṣáájú, kí ìtàn ìyanu máa bọ̀ tó bá yá.

Gijubhai gba ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba pé kí ọmọ ní òmìnira. Ó gba pé ìyà kò gbọ́dọ̀ sí, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń tan ọmọ kàwé náà kò sì gbọ́dọ̀ sí. Ó lo àwọn ohun èlò Montessori, igi tí ọmọ ń tì bọ ihò rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi sáńpépà gé kí ọmọ lè máa fìka tọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kó ohun tí kò sí nínú ìwé Montessori wọlé: orin ìbílẹ̀ Saurashtra, ijó, eré àwọn ọmọ àdúgbò, àti ìtàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Róòmù. Ọmọ tó ti ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá àgbà láti inú ìtẹ́ ni. Kí wọ́n gba ìtàn lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, bí ẹní gba èdè rẹ̀ ni.

Ó kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, Vartanu Shastra, nípa bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé irú ìtàn tó yẹ ọmọ ọdún báyìí àti èyí tó yẹ ọmọ ọdún báyìí, bí olùpìtàn ṣe máa lo ohùn àti ojú, àti ìdí tí ìtàn àfẹnupa fi lágbára ju èyí tí wọ́n ń kà jáde látinú ìwé lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ibi tó jọ mí lójú jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìwà. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìtàn gún ọmọ nímú pẹ̀lú ìwàásù. Ìgbádùn ni ó ní kó ṣáájú.

Ẹ wo bí èyí ṣe rí nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn tí àwọn ọmọ Gujarat mọ̀ jù lọ. Dala Tarwadi ni ọkùnrin inú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ràn ìgbá, èyí tí wọ́n máa ń fi se ọbẹ̀ níbẹ̀. Dala lọ sóko olóko, oko Vashram Bhuva, kò sì bá ẹnì kankan. Ó ka ara rẹ̀ sí olóòótọ́, kò fẹ́ jalè, ló bá ké sí oko pé ṣé kí òun já ìgbá méjì tàbí mẹ́rin. Oko ò kúkú lẹ́nu. Dala fúnra rẹ̀ yí ohùn padà, ó dáhùn fún oko: já mẹ́wàá, já méjìlá! Ó já a, ó sì forí lé ilé tayọ̀tayọ̀. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, ìgbá ń dín lóko, títí Vashram fi ba dè é. Ó mú un, ó ní ta ló fún ọ láṣẹ. Dala ní oko ni. Vashram ò jiyàn. Ó so okùn mọ́ ọn, ó fà á dé ìdí kànga, ó sì ké sí kànga pé ṣé kí òun ri ọkùnrin yìí bọmi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Òun náà yí ohùn padà, ó dáhùn fún kànga: rì í lẹ́ẹ̀mẹwàá, rì í lẹ́ẹ̀mejìlá!

Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ní ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jalè. Ọmọ ọdún márùn-ún tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé olè ni Dala kí Vashram tó dé, ẹ̀rín ló sì fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ rí nílé wa máa dá iṣẹ́ tí ìpè àti ìdáhùn yẹn ń ṣe mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí orin inú àlọ́ ló rí: lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń dáhùn fún oko, olùpìtàn kàn ń dúró dè wọ́n ni. Gijubhai mọ̀ọ́mọ̀ fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó ń padà wá, ó sì ń dùn lẹ́nu. Ọmọ tí kò tíì mọ a-bí-dí ti há odindi ojú ewé sórí kó tó fojú kàn án.

Ti èkúté onírù méje kò gùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìrù méje ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, ó sunkún délé, ìyá rẹ̀ ní kó lọ bá onígbàjámọ̀ kó gé ọ̀kan. Ó di onírù mẹ́fà, wọ́n tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gé e títí tó fi ku ọ̀kan, wọ́n ṣì ń rín in. Ó gé èyí náà. Wọ́n wá ń pè é ní èkúté aláìnírù. Kí ẹ tó mọ̀, ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iye láti méje wá sí òdo, ó sì ti kọ́ nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Ìbéèrè tó tún máa ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé ṣé òun ló ro àwọn ìtàn wọ̀nyí. Rárá, fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn ìlú ni wọ́n, ẹnu àwọn àgbà ló ti gbà wọ́n, ó sì tún mú àwọn mìíràn wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó yàn wọ́n, ó gé ohun tó wúwo jù fún ọmọdé kúrò, ó tún wọn pa ní èdè Gujarati tí wọ́n ń sọ nínú ilé, kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé. Kó tó di ìwé, ó ti di ohun tí àwọn ọmọ Balmandir ń gbọ́. Lásìkò kan náà ní Saurashtra, Jhaverchand Meghani ń rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń kó ìtàn akọni àti orin ìbílẹ̀ jọ. Àwọn ènìyàn máa ń kó iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àgbà ni Meghani fi ìtàn akọni rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ti Gijubhai. Tí a bá ka gbogbo ìwé Gijubhai pọ̀, ti ọmọdé, ti òbí àti ti olùkọ́, wọ́n tó nǹkan bí 200, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ.

Divaswapna ni èyí tó lókìkí jù, òun náà ló sì ń rú ọ̀pọ̀ lójú jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ló jáde. Olùkọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tó ní òun lọ bá ọ̀gá ẹ̀kọ́ pé kó fún òun ní kíláàsì kẹrin fún ọdún kan kí òun dán ọ̀nà tuntun wò. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ni àwọn olùkọ́ kan fi ń tọ́ka sí i bí ìwádìí tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé kan pàtó. Ìtàn àròsọ ni. Orúkọ ìwé náà gan-an, àlá ojúmọmọ ló túmọ̀ sí. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ inú rẹ̀ ni ìrírí tó ti kó jọ ní Bhavnagar láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló tú kókó ọ̀rọ̀ wa, lójú tèmi. Olùkọ́ náà wọ kíláàsì lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú ètò tó dára lórí ìwé: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe eré ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí gbogbo wọn panu mọ́, kí wọ́n tẹ́tí sí ohun tó ń dún láyìíká. Eré yẹn, ti Montessori ni. Àwọn ọmọ fi ṣe ẹlẹ́yà, ariwo sọ, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Inú ọ̀gá ẹ̀kọ́ kò dùn. Lọ́jọ́ kejì, ìtàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ó dá ìtàn dúró, ó ní kí àwọn pe orúkọ ná, ariwo ìwé orúkọ tó máa ń gba àkókò sì parí wéré, nítorí gbogbo wọn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọba. Nígbà tí agogo ilé dún, wọn ò fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fi owó tí wọ́n ìbá fi ra ìwé kíláàsì ra ìwé ìtàn, kí wọ́n kó o jọ ṣe ilé ìkàwé kékeré tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Àwọn olùkọ́ yòókù ń rẹ́rìn-ín, òbí ń ráhùn, ọ̀gá ẹ̀kọ́ ń bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa kọ́ ìwé gan-an.

Èmi ka ibẹ̀ bí ìdáhùn Gijubhai sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé Montessori ṣì í. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí Montessori ń wá dé, àmọ́ ìtàn ló mú un dé. Àfojúsùn kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀, nítorí àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan tún máa ń da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Gandhi, nítorí pé Gujarat ni àwọn méjèèjì ti wá, tí wọ́n sì jọ wà nínú ìjà òmìnira. Ètò ẹ̀kọ́ tí Gandhi gbé kalẹ̀ ní Wardha ní 1937 dá lórí iṣẹ́ ọwọ́, òwú rírán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọmọ láti ọdún méje sókè. Ti Gijubhai ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ti Gandhi tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọjọ́ orí ọmọ.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọjá Gujarat ni Tarabai Modak, tó bá a ṣiṣẹ́ ní Bhavnagar. Àwọn méjèèjì ló wà nídìí Nutan Bal Shikshan Sangh, ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926. Tarabai kó ẹ̀kọ́ náà lọ sí Bordi, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maharashtra báyìí, ní 1945, lẹ́yìn náà sí Kosbad láàárín àwọn ẹ̀yà inú igbó. Nígbà tí ọmọ ò lè wá sílé ìwé, òun àti Anutai Wagh, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, gbé ilé ìwé lọ sí àgbàlá ilé àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ ni orúkọ anganwadi ti jáde (àgbàlá ni angan), èyí tí ìjọba Íńdíà ń lò láti 1975 fún àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń bọ́ ọmọ kéékèèké, tí wọ́n ti ń wọn ìwúwo wọn, tí wọ́n sì ti ń kọ́ wọn. Iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ kò gbọ́ orúkọ Gijubhai rí.

Gijubhai kú ní Bombay ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1939, kò tíì pé ọmọ ọdún 54. Ní ìparí ọdún yẹn gan-an ni Montessori gúnlẹ̀ sí Íńdíà fún ìgbà àkọ́kọ́, láti wá dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Madras. Ogun Àgbáyé Kejì ká a mọ́ ibẹ̀, kò sì kúrò títí di 1946. Ó dùn mí pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ìtàn.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á láìgbọ́ Gujarati, Divaswapna wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ èdè Íńdíà láti ọwọ́ National Book Trust, ilé ìtẹ̀wé ìjọba Íńdíà. Ìwé tín-ín-rín ni, ẹ lè kà á tán láàárín ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ olùkọ́ ni yín, ẹ má ṣe fo ibi tí olùkọ́ náà ti padà sílé lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú ètò tó ti forí ṣánpọ́n, tó jókòó tó ń ronú ohun tó máa ṣe lọ́la.